Obìnrin nínú Àkọsílẹ̀ Ọkùnrin: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Natalie Zemon Davis lórí Ẹjọ́ Martin Guerre

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìṣòro tí òwe yìí tọ́ka sí ni onímọ̀ ìtàn máa ń bá pàdé bí ó bá fẹ́ kọ nípa àwọn obìnrin abúlé ilẹ̀ Faransé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kọ; adájọ́, akọ̀wé àti àlùfáà, tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin, ló kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Natalie Zemon Davis (1928–2023), onímọ̀ ìtàn tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀nà àbáyọ sí ìṣòro yìí. Àpilẹ̀kọ yìí gbé ìwé rẹ̀, The Return of Martin Guerre (1983), yẹ̀wò, láti fi ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ hàn àti ibi tí ó ti mẹ́hẹ.

Ẹjọ́ náà
Ní 1548, Martin Guerre fi abúlé Artigat sílẹ̀, ó fi Bertrande de Rols ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1556, Arnaud du Tilh dé, ó ní òun ni Martin. Bertrande àti ẹbí gbà á. Òun àti Bertrande jọ gbé fún ohun tó ju ọdún mẹ́ta lọ, wọ́n sì bímọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ohun-ìní dá ìjà sílẹ̀, Pierre Guerre, àbúrò bàbá Martin, gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní orúkọ Bertrande. Ilé ẹjọ́ gíga Toulouse ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Arnaud láre kí ojúlówó Martin tó wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ onígi. Wọ́n yẹgi fún Arnaud ní oṣù kẹsàn-án 1560. Jean de Coras, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, tẹ ìwé jáde lórí ẹjọ́ yìí ní 1561.

Àríyànjiyàn
Lójú Coras, ẹni tí wọ́n tàn jẹ ni Bertrande. Davis kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní tirẹ̀, Bertrande mọ̀ pé ayédèrú ọkọ ni, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ bá a gbé. Òfin ló fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀: obìnrin tí ọkọ rẹ̀ sọnù kò lè fẹ́ ẹlòmíràn láìsí ẹ̀rí tó dájú pé ọkọ náà ti kú. Bertrande kì í ṣe opó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọkọ nílé. Nígbà tí Arnaud sì ní kí ó búra pé òun kì í ṣe Martin, Bertrande dákẹ́.

Robert Finlay (1988) ta ko èyí. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé Bertrande mọ̀, àti pé èrò ìgbà tiwa ni Davis gbé wọ obìnrin náà. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdákẹ́ Bertrande lè jẹ́ ti ẹni tó mọ̀. Ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó ń ṣiyèméjì, tó sì ń bẹ̀rù ìbúra. Davis jẹ́wọ́ nínú ìfáárà ìwé rẹ̀ pé àfinúrò òun wà nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá wọ inú ọkàn tọkọtaya náà, òǹkàwé kì í lè ya àfinúrò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rí.

Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ Coras pàápàá kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí kò gbè sẹ́nì kan. Àwọn adájọ́ dárí ji Bertrande nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé abo jẹ́ aláìlágbára, ó sì rọrùn láti tàn. Ìgbàgbọ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Ìdájọ́ náà sì gba Bertrande lọ́wọ́ ẹ̀sùn àgbèrè, ó sọ ọmọbìnrin tó bí fún Arnaud di ọmọ tí òfin mọ̀. Nítorí náà, bí Bertrande bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, èrè wà fún un nínú sísọ pé òun kò mọ̀. Ẹni tó bá gbára lé Coras láìbi í léèrè ti gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá.

Ìgúnlẹ̀
Ó yẹ kí olùkọ́ tí yóò fi ìwé yìí kọ́ni kà á pọ̀ mọ́ àtakò Finlay àti èsì tí Davis fún un ní 1988. Kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀: ohun tí àkọsílẹ̀ sọ, ohun tí òfin àti àṣà gbà láyè, àti ohun tí òǹkọ̀wé fọkàn rò. Davis kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Bertrande mọ̀. Ohun tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé Bertrande ní ìdí láti yàn.