Búrẹ́dì Méje Tó Kẹ́yìn

Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń kan búrẹ́dì, bí ìyá ṣe ń wo ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù. Èyí tó bá ṣì gbóná jù, ó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí pé bí ó bá wọnú nàìlọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀, yóò làágùn, omi yóò sì ti mú un rọ̀ pẹ̀tẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tó ti gba atẹ́gùn díẹ̀ ló ń tò sí ìsàlẹ̀ àtẹ, ó wá ń to èyí tó gbóná sókè, kí ooru lè kọ́kọ́ kan ọwọ́ ẹni tó bá ra tàkọ́kọ́. Ó kà á, ó jẹ́ ogójì. Ó tún un kà. Ọmọkùnrin tó ń pín ọjà náà kà á, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Obìnrin náà gbé òṣùká lérí, wọ́n bá a gbé àtẹ lé e, ó sì jáde sí títì láìsọ nǹkan kan.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, láti ìgbà tí èmi náà ti lọ gbaṣẹ́ nílé búrẹ́dì kan ní Ajégúnlẹ̀ ní Èkó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama nígbà náà, mò ń retí èsì JAMB, ọwọ́ mi sì dilẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kò sí owó oṣù, kò sí owó ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo bá tà ni màá ti rí tèmi. Ó ní kí n mú onídùúró wá, ìyá mi bá bẹ Ìyá Oníbúrẹ́dì, òun ló sì dúró fún mi. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń pe irú owó yìí ní kọ́míṣọ̀n, wọ́n á sì fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní táì àti káàdì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: àròóbọ̀ ni. O gbé ọjà ọlọ́jà, o dá owó olówó padà, èyí tó bá lé lórí ni tìrẹ. Wọ́n máa ń bú alágbàtà pé òun ló ń sọ ọjà dọ̀wọ́n. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé àtẹ rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ilé búrẹ́dì kó 40 fún Ìyá Oníbúrẹ́dì ní 500 náírà ẹyọ kan, kí òun máa tà á ní 600. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò ní ọgọ́rùn-ún náírà ló ń jẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé bó bá ṣe ń tà ni èrè ń wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbèsè 20,000 náírà ló gbé sórí jáde. Nígbà tó bá ta 33, owó ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 19,800: owó olówó kò tíì pé, kọ́bọ̀ kan kò sì tíì di tirẹ̀. Nínú owó ẹlẹ́ẹ̀kẹrìnlélọ́gbọ̀n ni yóò ti mú 200 dí ti ilé búrẹ́dì, 400 yóò wá ṣẹ́ kù. Mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ló ń gbé 3,600 wá. 4,000 náírà tó máa gbé relé, inú búrẹ́dì méje tó kẹ́yìn ló wà.

Méje yìí ló sì nira tà jù. Oòrùn ti mú. Ẹni tó máa jẹun àárọ̀ ti jẹ ẹ́ tán. Búrẹ́dì ti tutù, ẹsẹ̀ ti ń ro ẹni tó ń kiri, ilé búrẹ́dì kì í sì í gba èyí tó bá sùn padà. Ohun tí mo fi ń yin obìnrin yìí ni pé láti ìdájí tó ti ń fẹ̀yìn ọwọ́ kan búrẹ́dì ló ti ń ṣètò fún méje wọ̀nyẹn. A rò pé ẹnu dídùn ni iṣẹ́ ọlọ́jà. Ẹnu wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò ló ṣáájú ẹnu.

Ẹ wo ìbàdí obìnrin náà. Àpò aṣọ tí àwọn ìyá ọlọ́jà máa ń so mọ́ ìdí ló wà níbẹ̀, ojú méjì ló ní. Ti òsì ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo owó ń wọ̀ láti àárọ̀. Ti ọ̀tún, pínnì ni ó fi há a lẹ́nu. Bí oníbàárà bá mú 1,000 náírà wá, òsì ló ti ń mú ṣéńjì. Bí ebi bá ń pa á, kì í fọwọ́ kan òsì. Ìgbà tó bá ta ẹlẹ́ẹ̀kẹrìnlélọ́gbọ̀n tán ló ń dúró lábẹ́ ibòòji, tí yóò yọ pínnì, tí yóò fi í há ẹnu òsì, tí ọ̀tún yóò sì wá ṣí. Mo ti rí i tó ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, kò sì wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ojú rẹ̀ wà lójú títì, ó ń wá ẹni tó máa ra ìkarùndínlógójì.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde, ohùn mi là ju tirẹ̀ lọ. Kí aago mẹ́jọ tó lù, mo ti ta mẹ́rìnlélógún. Mo wo owó ọwọ́ mi, orí mi wú. Mo jókòó sí búkà, mo jẹ ìrẹsì àti dòdò, mo sì fi ẹran méjì lé e. Òjò dé lọ́sàn-án. Mọ́kànlá kù sí mi lọ́rùn, owó ilé búrẹ́dì kò pé. Onídùúró mi ló dí i.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, owó wo lo fi jẹun?"

Mo ní, "Owó èrè mi ni, mà."

Ó ní, "Èrè wo? Èrè ò tíì dé, o ti ń bu òkèlè ẹ̀."

Láti ọjọ́ kejì ló ti ní kí n máa tẹ̀ lé òun. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ojú ọ̀nà tó ń tọ̀ kì í ṣe èyí tí ẹsẹ̀ kàn gbé e lọ. Ibùdókọ̀ Boundary ló ń kọ́kọ́ dé, níbi tí Ajégúnlẹ̀ ti kọjú sí Àpápá: awakọ̀, kọ̀ndọ́kítọ̀, àti àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní wáàfù. Àwọn yìí kì í ná ọjà, aago ló ń lé wọn. Lẹ́yìn wọn, ó kan ojúlé àwọn tó ń múra ọmọ lọ sílé ìwé. Bó bá di nǹkan bí aago mẹ́jọ, yóò wá ẹlẹ́wà agányìn rí, yóò sì máa tẹ̀ lé e ní ìwọ̀n ilé mẹ́rin sẹ́yìn. Ilé mẹ́rin gan-an ni. Bó bá sún mọ́ ọn jù, àwọn ènìyàn kò tíì bu ẹ̀wà tán. Bó bá jìnnà jù, wọ́n á ti rán ọmọ lọ ra búrẹ́dì níbòmíràn. Ẹlẹ́wà yóò ti bu ẹ̀wà, onílé yóò ti gbé àwo dání, yóò máa wo ọ̀tún wo òsì pé kí lòun ó fi jẹ ẹ́, òun á sì yọ láti ẹ̀yìn.

Ó ní èdè tó ń bá ojúlé kọ̀ọ̀kan sọ. Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ìlú èdè kan: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ, Urhobo, Hausa, gbogbo wọn ló jọ pín ògiri kan náà. Fún Ìgbò, achịcha ló ń pè é. Ó ní ìkíni kan tó ń kí àwọn Urhobo tí ń kò tíì lè sọ títí dòní. Pidgin ló fi ń bá ẹni tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀. Ìpolówó rẹ̀ kò sì gùn: "Ó gbóná o!" Ó ń fa ìparí rẹ̀, ohùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé.

Ohun kan wà tó pẹ́ kí n tó fura sí. Bó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó máa ń yọ "gbóná" kúrò lẹ́nu. Ó di "Búrẹ́dì rèé, ó rọ̀ o!" Rírọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kó làágùn ní ìdájí. Mo ti gbọ́ àwọn mìíràn tí wọ́n ń pariwo gbígbóná títí di ọ̀sán, mo sì mọ bí àwọn oníbàárà ṣe ń dá wọn lóhùn.

Ọ̀bẹ ńkọ́? Bí ẹnìkan bá ní kó fi bọ́tà sí i, kì í tẹ ọ̀bẹ mọ́ búrẹ́dì, torí Agége rírọ̀ yóò rún pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà, ó ń fà á bọ̀, ó ń fà á lọ, títí yóò fi là bí ìwé, kò sì ní já ẹ̀yìn rẹ̀. Etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ bọ́tà wá sí àárín, torí etí ni ojú oníbàárà ń wò. Bóyá ẹ̀tàn ni, ẹ má bi mí.

Mo pe é ní Agége, bẹ́ẹ̀ Agége jìnnà sí Ajégúnlẹ̀. Orúkọ ló lẹ̀ mọ́ irú búrẹ́dì náà. Òwò búrẹ́dì ti pẹ́ ní Èkó: ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá síbẹ̀ ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì tà ní 1921, ó sì là nídìí rẹ̀ débi pé Ọba Búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é kó tó kú ní 1954. Ní ti ìyẹ̀fun, ìtòsí Ajégúnlẹ̀ ló wà: Àpápá ni Flour Mills of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní 1962, etí omi ni ọkọ̀ sì ń já àlìkámà ọ̀hún sí. Bí dọ́là tí wọ́n fi ń ra àlìkámà náà bá gbéra, Ìyá Oníbúrẹ́dì ló máa kọ́kọ́ ṣàlàyé fún oníbàárà ìdí tí búrẹ́dì fi kéré sí tàná.

Àwìn ni ibi tí òwò ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun lẹ́nu iṣẹ́ yìí ń kú sí. Àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n gbé aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá ní àwìn láyé àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè ni wọ́n fi ń pè wọ́n: wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Búrẹ́dì kò ṣe é lóṣòó dè. Ilé búrẹ́dì ń gba owó rẹ̀ lálẹ́ òní. Nítorí náà, ẹni tí obìnrin yìí mọ ìlẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ló ń tà láwìn, kò sì ju ẹyọ kan lọ, yóò sì gbà á nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó náírà wọ́n bí ojú, ó gba kí wọ́n máa fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù. Kì í gba pé "mo ti fi ránṣẹ́" gbọ́. Yóò sọ àtẹ kalẹ̀, yóò sì dúró títí fóònù rẹ̀ yóò fi dún.

Àwìn nìkan kọ́ ni ewu: òfin Èkó ti 2003 ka ọjà kíkiri lójú títì léèwọ̀, àná kọ́ ni wọ́n sì ti ń lé àwọn tó ń kiri. Ní 2016 ni ìjọba Gómìnà Ambode kéde pé ẹni tó tà àti ẹni tó rà lè san 90,000 náírà tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ìyá Oníbúrẹ́dì mọ ìró mọ́tò àwọn Káì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lé ọlọ́jà, láti òpópónà kejì. Kì í sáré. Ọmọ tuntun ló ń sáré, tí búrẹ́dì á sì dà sílẹ̀. Ó kàn ń yà wọ inú ọgbà, tí yóò kí onílé.

Nígbà kan rí, ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ tírélà ló ń ta méje tó kẹ́yìn sí. Wọ́n ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lójú ọ̀nà wáàfù, abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn, wọn kì í sì í bèèrè bóyá búrẹ́dì gbóná. Nígbà tí ìjọba gbé ètò tí wọ́n fi ń pe tírélà wọ wáàfù lórí fóònù, èyí tí wọ́n ń pè ní Ètò, jáde ní February 2021, tí ìlà náà ń fúyẹ́, ọjà rẹ̀ fúyẹ́ pẹ̀lú. Kò ráhùn fún mi. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló fi rìn kiri lọ́sàn-án tó ń wo ibi tí ebi ń gbé, ó sì rí i ní pápá bọ́ọ̀lù. Ajégúnlẹ̀ tí Samson Siasia àti Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù kò tíì ṣaláìní ọmọ tó ń sáré ní ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ti gbá a tán, ẹni tó bá gbé búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá dé ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n á ṣù bò ó. Ó ti bá oníomi kan ṣàdéhùn: wọn kì í dé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Èmi ò tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá, èsì JAMB jáde, mo dá àtẹ padà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ onídùúró mi. Nínú ọjọ́ mọ́kànlá náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo ta ogójì tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Boundary kọjá lọ́sàn-án, bí ẹ bá rí oníbúrẹ́dì tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kù lórí àtẹ rẹ̀, ẹ má ná an. Ẹ san iye tó pè é.