Agbárí Ihò Eléérú

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì: èyí ni mo ṣe ń kan sáárá sí àwọn onímọ̀ tó tún agbárí Ihò Eléérú yẹ̀ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló hú u jáde nínú ihò náà lọ́dún 1965, nítòsí Ìsàrun, lágbègbè Àkúrẹ́. Èédú tó wà nítòsí egungun náà fi nǹkan bí 11,000 ọdún hàn, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn èèyàn bíi tiwa.

Lọ́dún 2011, Katerina Harvati, Chris Stringer, Caleb Folorunso ti Ìbàdàn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde tuntun jáde. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe gba sùúrù: ibi kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi àmì sí lára agbárí kọ̀ọ̀kan, bí ibi tí egungun ti so pọ̀ mọ́ra. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ń sọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà. Kọ̀ǹpútà ló wá fi wọ́n wé ti àwọn agbárí mìíràn, àtijọ́ àti òde òní. Agbárí Ihò Eléérú gùn, ó sì rẹlẹ̀, ó jọ ti àwọn tó gbáyé ní ohun tó lé ní 100,000 ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀, ìwọ̀n uranium tó wọnú egungun láti inú ilẹ̀, tó ń di thorium díẹ̀díẹ̀, fi ọjọ́ orí rẹ̀ sáàárín 11,700 sí 16,300 ọdún.

Wọn ò tìtorí èyí sọ àsọdùn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìtàn ọmọ èèyàn ní Áfíríkà lọ́jú pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn tó tọ́jú egungun náà láti ọjọ́ yìí wá náà yẹ fún oríyìn. Àwọn ló jẹ́ kí àtúnyẹ̀wò ṣeé ṣe.