Ọwọ́ Tó Ń Nu Jígí ní Ìdáàṣà

Ní Ìdáàṣà, láàárín àwọn òkè olókùúta ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ọyẹ́, ìyẹn afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ti máa ń da eruku bo ojú fèrèsé, iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ kí á gbóríyìn fún ni kí jígí mọ́ láìsí àbàwọ́n. Àbàwọ́n yìí ni ipa funfun tí ọṣẹ àti èròjà inú omi ń fi sílẹ̀ bí omi bá gbẹ fúnra rẹ̀, nítorí náà ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò sí nínú agbára apá rárá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe a kọ́kọ́ gbọn eruku kúrò ní gbígbẹ, torí pé eruku tí omi bá kàn a máa di ẹrẹ̀, yóò wá fi omi tí ọṣẹ inú rẹ̀ kéré nu jígí náà láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ó tó fi àkísà òwú tó ti gbó nù ún gbẹ (aṣọ tuntun a máa da òwú). Kì í ṣe é lójú oòrùn, kí omi má baà tètè gbẹ fúnra rẹ̀. Ní ti jígí ìwojú, àkísà ni ó ń rẹ, kì í da omi sí jígí, kí omi má baà wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì ba ìpele dídán tó ń dá àwòrán padà jẹ́.