Ọjà Kì Í Ṣe Ilé

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ka ìtàn kan tó dá iyàn sílẹ̀ títí bàbá ọlọ́dẹ fi wá lé wa jáde. Mi ò ní dárúkọ òǹkọ̀wé náà. Òun fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ mí pé bí mo bá máa bú òun, kí n má fi orúkọ òun sí i. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ bú u. Mo fẹ́ gbèjà ìtàn náà lọ́wọ́ àwọn tó bú u, kí n sì wá bá a wí lórí ibì kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí lọ́jọ́ náà.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò wá, bí ìtàn náà ṣe lọ rèé. Ìyá kan gbé Houston, ní Texas, fún ọdún méjìlélógún. Ọkọ ẹ̀ kú, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀ ní Minneapolis, ọmọbìnrin ẹ̀ sì kù sí Houston. Nígbà tí wọ́n wá so díìṣì mọ́ ilé, ìyá ní tẹlifíṣọ̀n Houston lòun fẹ́. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, ti Minneapolis ni wọ́n lè fún un. Ló bá pe ilé iṣẹ́ sátẹ́láìtì náà, ó ní Houston lòun ṣì ń gbé, ó fún wọn ní àdírẹ́sì ọmọbìnrin ẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ìjì Ike kọlu Texas. Ìyá jókòó ní Minneapolis, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n Houston mọ́jú, ó rí àdúgbò ọmọ ẹ̀, omi ò dé ibẹ̀. Ìtàn parí, a pàtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ ò tíì rọlẹ̀ tí àwọn kan fi ní ìtàn náà ò ṣeé gbà gbọ́. Ta ní ń torí tẹlifíṣọ̀n parọ́ ibi tó ń gbé? Ìlú wo ni wọ́n ti ń fi òfin de ìkànnì? Ẹ̀yin ará, ìlú náà wà.

Láti ọdún 1988 ni Amẹ́ríkà ti ṣòfin pàtó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ọdún náà gba ilé iṣẹ́ sátẹ́láìtì láyè kí wọ́n ta ABC, CBS tàbí NBC ti ìlú míì, ṣùgbọ́n fún kìkì ilé tí áńtẹ́nà wọn ò lè mú ti ìtòsí. Òfin ọdún 1999 ló wá jẹ́ kí wọ́n máa fi sátẹ́láìtì gbé ìkànnì ìlú kan fún àwọn ará ìlú yẹn gan-an. Irọ́ ìyá yìí náà wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún: ẹni tí kò kó kúrò lójú kan á sọ fún ilé iṣẹ́ pé òun ti kó, kí wọ́n lè fún un ní ti ìlú tó wù ú. Ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé ní 2006, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Florida pàṣẹ fún EchoStar, tó ni Dish Network nígbà náà, pé kó yé ta ìkànnì ìlú òkèèrè, torí ó ti tà á fún àwọn tí òfin ò gbà láyè. Láti 1 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni àṣẹ náà múlẹ̀.

Níbí ni mo ti fẹ́ bá òǹkọ̀wé wa wí díẹ̀. Ó sọ ilé iṣẹ́ náà di ọ̀dájú lásán, bíi pé wọ́n kàn ń fi ìyá arúgbó ṣeré ni. Òfin náà nídìí jàre. Owó ìpolówó ni tẹlifíṣọ̀n ìlú kékeré fi ń jẹun. Bí gbogbo ará ìlú bá ń wo ti Houston tàbí ti New York, ta ló máa gba ìpolówó oníbúrẹ́dì àdúgbò? Tí tẹlifíṣọ̀n yẹn bá sì kú, ta ló máa kìlọ̀ fún wọn lọ́jọ́ tí ìjì tiwọn bá ń bọ̀? Ká ní òǹkọ̀wé jẹ́ kí ọmọkùnrin náà sọ èyí fún ìyá ẹ̀ ni, ìjà gidi ì bá wà nínú ilé yẹn, torí àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre.

Àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n ò tó nǹkan tí èèyàn ń torí ẹ̀ parọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sọ tilé wa. Ọmọ Abẹ́òkúta ni bàbá mi, Ìbàdàn la sì ń gbé. BCOS ń mú ketekete, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan áńtẹ́nà fún un. Ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́, bàbá mi á ní kí n jáde lọ yí òpó sápá Abẹ́òkúta, kí OGTV lè wọlé. Màá pariwo látìta pé, "Ó ti mú?" Wọ́n á ní, "Kò tíì mú!" Màá tún un yí. "Báyìí ńkọ́?" "Dúró bẹ́ẹ̀! Má mira!" Àwòrán tó wá wọlé náà á máa hó bí epo gbígbóná. Kì í ṣe eré ni bàbá mi fẹ́ wò o. Ìkéde òkú ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan pé ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ti kú, ó ku ọ̀la kí wọ́n sin ín. Wọn ò bá má mọ̀. BCOS ò lè sọ ọ́ fún wọn, òkú yẹn kì í ṣe ti Ìbàdàn.

Ẹ wo Katrina náà, 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2005. Àwọn ará New Orleans sá lọ Houston, Atlanta àti ibòmíì. WWL-TV tí í ṣe tẹlifíṣọ̀n ìlú wọn kó lọ sí Baton Rouge, ó ń bá ìròyìn lọ láti ibẹ̀, àwọn tó sá kúrò sì ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó sùn sórí ibùsùn ìrànwọ́ nínú Astrodome ní Houston, ṣé ojú ọjọ́ Houston ló fẹ́ mọ̀ ni? Bóyá òrùlé ilé ẹ̀ ṣì wà ló fẹ́ mọ̀.

Ó wá ku àṣìṣe tí mo sọ. Irọ́ tí ìyá pa kò lè ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ lè gbà á gbọ́, sátẹ́láìtì ò ní gbà á. Òkè réré ni sátẹ́láìtì wà lóòótọ́, bíi 35,800 kìlómítà sókè, ó sì lè rí gbogbo Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àyè tó wà lórí ẹ̀ ò lè gba ìkànnì gbogbo ìlú. Láti bíi ọdún 2001 sí 2002 ni wọ́n ti ń lo sátẹ́láìtì tó ń da ìtàn kéékèèké sílẹ̀ bíi ti tọ́ọ̀ṣì: èyí fún Houston àti àyíká ẹ̀, òmíràn fún ibòmíì, kí wọ́n lè tún ìgbì kan náà lò níbi tó jìnnà síra. Láti Houston dé Minneapolis ju 1,500 kìlómítà lọ. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì Houston ò dé ibẹ̀ rárá.

Nítorí náà, arákùnrin, mo bẹ̀ ọ́, tún ìparí yẹn kọ. Jẹ́ kí wọ́n gba irọ́ náà gbọ́. Jẹ́ kí ìkànnì Houston fara hàn nínú àkọsílẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Lálẹ́ ìjì, jẹ́ kí ìyá tẹ̀ ẹ́, kí ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, kí ó máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń wá àmì. Jẹ́ kó jókòó síwájú dúdú yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Àtẹ́wọ́ wa lè má pọ̀ tó ti ọjọ́sí, ṣùgbọ́n a ò ní gbàgbé ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí o ò lò, ó sì wà nílẹ̀ fún ẹ. Àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kì í pe agbègbè ìkànnì ní ìlú. Ọjà ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ Nielsen pín gbogbo orílẹ̀-èdè náà sí irú ọjà bẹ́ẹ̀ 210. Ibi tí díìṣì rẹ wà ni ọjà rẹ, ọjà rẹ ló sì ń sọ tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ tìẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá bi èèyàn ní ọmọ ibo ni ẹ́, ta ní ń dárúkọ ibi tó ń sanwó ilé? Ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tó dàgbà síbẹ̀, á ní Iléṣà ni òun. Àwọn àgbà sì ti ní ayé lọjà, ọ̀run nilé: ọjà lèèyàn ń ná, ilé ló ń padà sí. Ìyá yìí ń gbé nínú ọjà Minneapolis, ilé ẹ̀ sì wà ní Houston, níbi tí sàréè ọkọ ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ wà. Òun náà ti fìgbà kan fi ilé míì sílẹ̀ kó tó dé Houston. Ìtàn rẹ ò sọ ìyẹn rí.

Bí o bá tún un kọ, mú un wá. Èmi ni màá kọ́kọ́ dé ìpàdé, màá sì bẹ bàbá ọlọ́dẹ pé kí wọ́n ṣe sùúrù fún wa.