Sípánà Tí Bàbá Ò Lò

Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnì Volkswagen Ìjàpá mọ́ gíàbọ́ọ̀sì. Ìyẹn gan-an ló ń tan ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì jẹ. Kí oníbàárà ṣáà ti ní kílọ́ọ̀ṣì òun le, jáàkì ti wọ abẹ́ ọkọ̀ nìyẹn, ẹ́ńjìnì ti balẹ̀, wọ́n sì ti ń ṣírò owó pléètì tuntun.

Tèmi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò l'Ékòó lẹ́yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1975. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá mẹkáníìkì n'Íbàdàn, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn ti mú sípánà 17 dání de ẹ́ńjìnì. Bàbá ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó padà sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ojú wọn wà lókè òrùlé, bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí létí.

"Sípíríǹgì tó bá le á ta ẹsẹ̀ mi padà," ni wọ́n wí. "Èyí ń wọ́ lọ, ó ń wọ́ bọ̀."

Wáyà kílọ́ọ̀ṣì Ìjàpá gùn ju mítà méjì lọ. Láti ẹnu pẹ́dà ló ti ń gba inú páìpù kan láàárín ọkọ̀, títí dé apá irin lára gíàbọ́ọ̀sì, níbi tí nọ́ọ̀tì abìyẹ́ kan ti dì í mú. Nọ́ọ̀tì yẹn ni wọ́n ní kí ọmọ náà tú.

"Ó ti tú, Ọ̀gá."

Bàbá fi ọwọ́ ti pẹ́dà. Kò gbé ẹrù kankan mọ́, síbẹ̀ ó ṣì ń wọ́. Pléètì jàre, bẹ́rìn jàre. Wọ́n yẹ páìpù rírọ̀ tó wà lẹ́yìn wò: ó yẹ kó tẹ̀ bí ọrun, mìlímítà 25 sí 45. Bó bá tẹ̀ jù, wáyà á há. Bó bá nà jù, ọkọ̀ á máa gbọ̀n nígbà tó bá ń gbéra. Tiwa tẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n tú wáyà kúrò lẹ́nu pẹ́dà, pẹ́dà ń mì fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ó ku wáyà nìkan lẹ́jọ́.

Wọ́n fà á jáde láti iwájú, ṣùgbọ́n wọn ò fi ọwọ́ lásán kàn án. Wọ́n ká àkísà lé e, wọ́n ń fà á gba inú àtẹ́lẹwọ́, wọn ò kánjú. Lójijì, àkísà kọ́. Bàbá dúró, wọ́n ṣí i fún mi wò: fọ́nrán irin kan ṣoṣo, tín-ín-rín bí irun ẹlẹ́dẹ̀, ti já, ó ti yọ ẹnu síta. Gírísì ibẹ̀ ti gbẹ, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹnu kékeré yẹn ló ti ń ha inú páìpù ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n fi gírísì pa wáyà tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n tì í bọ inú páìpù, wọ́n sì yí nọ́ọ̀tì abìyẹ́ títí pẹ́dà fi ní ìdẹra bíi mìlímítà 15 kó tó mú. Mo tẹ̀ ẹ́. Orúnkún mi ò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ṣì di sípánà mú.

"Lọ dá 17 padà sí àyè rẹ̀," ni Bàbá wí, wọ́n sì ń wá bàtà wọn.