"O" Tàbí "Ẹ": Orin Bésame mucho àti Ìṣòro Ẹni Kejì Nínú Orin Ìfẹ́ Yorùbá

Láàárín àwọn orin ìfẹ́ tí a fi èdè Sípáníìṣì kọ, díẹ̀ ni ó rin ìrìn-àjò tó Bésame mucho. Consuelo Velázquez, atẹ-dùùrù ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, ni ó ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1940, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ìsọ̀rí bolero ni orin náà wà, ìyẹn orin ìfẹ́ tó ń lọ jẹ́jẹ́, tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Kúbà kí Mẹ́síkò tó sọ ọ́ di tirẹ̀. Ní 1944, ẹgbẹ́ eléré Jimmy Dorsey ní Amẹ́ríkà gbé e jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Sunny Skylar kọ, ó sì gbòde kan. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, àwọn Beatles kọ ọ́ nígbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Decca ń dán wọn wò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, Cesária Évora, olórin ọmọ erékùṣù Cape Verde, kọ ọ́ ní Sípáníìṣì fún fíìmù Great Expectations tó jáde ní 1998.

Bí a bá gbé irú orin bẹ́ẹ̀ wá sí kíláàsì lítíréṣọ̀ ní Ìlọrin, ìbéèrè kan kò ní ṣàìwáyé: ǹjẹ́ ó ṣeé kọ ní Yorùbá? Ìdáhùn kan wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àkọ́sórí, pé Yorùbá kì í fi ìfẹnukonu kọrin, àti pé orin ìfẹ́ láàárín ẹni méjì péré jẹ́ ohun àjèjì sí àṣà wa. Ìdáhùn yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà, ìfẹnukonu, ti wà nínú Bíbélì Yorùbá tipẹ́tipẹ́, Orin Sólómọ́nì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tó gbé Bésame mucho dúró kì í ṣe ẹnu, ẹ̀rù ni. Ẹni tó ń kọrin mọ̀ pé ìpínyà lè dé nígbàkigbà, ó sì fẹ́ kí ìfẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan pọ̀ tó èyí tí yóò gbé òun la gbogbo ọjọ́ tó ń bọ̀ já.

Ẹ̀rù ìpínyà kò sì ṣàjèjì sí Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí ni ó lo ọdún gbọọrọ ní Gold Coast tó di Gánà, títí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní ìparí ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò nílẹ̀ náà. Ìlú tó ti rí bí èèyàn ṣe ń dágbére fún aya láìmọ ọjọ́ àbọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹ̀rù yẹn fún un.

Ibi tí ìṣòro wà gan-an kéré lójú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ju ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ ẹni kejì lọ. Èdè Sípáníìṣì ní tú fún ẹni tó súnmọ́ ni, ó sì ní usted fún ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún tàbí ẹni tí a kò mọ̀ dáadáa. Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú àkọlé orin náà fúnra rẹ̀. Bésame ni èèyàn ń wí fún ẹni tó ń pè ní tú. Bí ó bá jẹ́ usted ni, béseme ni yóò jẹ́. Fáwẹ́lì kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀: you ni fún ọba, you ni fún ìkókó. Nítorí náà, olùgbọ́ tó bá gba ọ̀nà ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì dé inú orin yìí ti pàdánù nǹkan kan kí ó tó wọlé. Yorùbá ní tirẹ̀ ní o àti ẹ. Lórí kókó yìí, Yorùbá súnmọ́ Sípáníìṣì ju bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe súnmọ́ ọn lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí Yorùbá pa ààlà sí kọ́ ni Sípáníìṣì pa tirẹ̀ sí. Nínú orin Velázquez, ìfararora ló bí tú: àwọn méjèèjì ti di olólùfẹ́, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ní Yorùbá, pàápàá ní Ìlọrin, ọjọ́ orí àti ipò ló ń darí o àti ẹ, ìfararora kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Ní ọ̀pọ̀ agboolé, ìyàwó tó ti bímọ márùn-ún fún ọkọ rẹ̀ ṣì ń kí i pé "ẹ káàbọ̀". Kì í pè é lórúkọ. Bàbá ọmọ rẹ̀ ni, tàbí Alhaji, tàbí olówó orí òun. Ọkọ a sì dá a lóhùn pé "o ṣé". Kò sí ẹni tó lè fi èyí sọ pé wọn kò súnmọ́ra.

Wàyí o, kí atúmọ̀ jókòó ti orin náà. Obìnrin ló kọ ọ́, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ tó fi hàn bóyá ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ tàbí obìnrin, kò sì sí èyí tó sọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí tọkùnrin tobìnrin fi lè kọ ọ́ láìyí ohunkóhun padà. Ó yẹ kí èyí rọ Yorùbá lọ́rùn, èdè tó ń fi ó kan ṣoṣo tọ́ka sí akọ àti abo. Àmọ́ ní kété tí atúmọ̀ bá yan o, olùgbọ́ Ìlọrin yóò gbọ́ ọkọ tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí ọ̀dọ́ méjì tí wọn kò tíì fẹ́ra wọn. Bí ó bá yan ẹ, ohùn ìyàwó ni yóò gbọ́, ohun tó sì jẹ́ ìbéèrè láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ní Sípáníìṣì yóò di ẹ̀bẹ̀ tí a kúnlẹ̀ bẹ̀. Gírámà tí kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo ti gba ẹ̀yìnkùlé mú àwọn méjèèjì wọlé.

Èyí kò sọ ẹ di àbùkù fún orin ìfẹ́. Sípáníìṣì fúnra rẹ̀ ní bolero olókìkí kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Usted, tí Gabriel Ruiz ṣe ohùn rẹ̀, tí José Antonio Zorrilla sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Olólùfẹ́ inú orin náà fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ pe ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ́ níyà. Ohun tó mú orin náà wọni lára ni pé ẹni yìí wà nítòsí nínú ọkàn, ó sì jìnnà lórí ahọ́n. Obìnrin Ìlọrin tó ń pe ọkọ rẹ̀ ní ẹ lójú gbogbo ará ilé yóò lóye rẹ̀. Ẹ lè jẹ́ ibi tí ìfẹ́ ń fara pamọ́ sí. Atúmọ̀ tó bá yàn án gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orin mìíràn ni òun ń kọ, ìyẹn orin tí ìtẹríba wà nínú rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Ọ̀nà kẹta wà tó yẹ kí lámèyítọ́ wò dáadáa. Nínú oríkì àti àdúrà, ẹnu tó ń pe àgbà ní ẹ lójoojúmọ́ lè lo o láìjẹ̀bi. Ọlọ́run pàápàá, ìwọ ni à ń pè é. Ìdí ni pé orúkọ àti oríkì ti ru ẹrù ọ̀wọ̀ tán kí ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ tó dé. Ìyàwó tó bá kọ́kọ́ pe Àkànní, tó ki baba tó bí i àti ilé tó ti jáde wá, ti kúnlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un ní o, kí etí má sì ta kò ó. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn olórin dadakúàdà Ìlọrin ń lò nígbà tí wọ́n bá ń ki ọlọ́lá. Orin ìfẹ́ lè yá a lò.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí yóò ná wa. Tú inú Bésame mucho ṣófo, ẹnikẹ́ni lè wọ inú rẹ̀, bóyá ní Mẹ́síkò, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Cape Verde. Òfìfo yẹn wà lára ohun tó mú un rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Oríkì kì í ṣófo. Bí a bá ti pe Àkànní, Àkànní ni, àwọn tí kì í ṣe Àkànní ti di òǹwòran. Ẹ̀dà Yorùbá tó bá gba ọ̀nà oríkì yóò jinlẹ̀ sí i, kò sì ní rìn jìnnà tó ti Velázquez. Èyí kì í ṣe àìtó èdè. Èrò mìíràn ni nípa ẹni tí à ń fẹ́: ṣé ẹnì kan ṣoṣo tó dá dúró ni, tàbí ọmọ ẹni kan, ará ilé kan?

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti orin kan. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ akọrin Yorùbá tó bá dé ibi tó ti yẹ kí wọ́n yan o tàbí ẹ a yà sínú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí you kì í béèrè ọjọ́ orí, kì í béèrè ipò. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ wọn pé Yorùbá kò ní èdè ìfẹ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé wọn síbẹ̀. Ohun tí kíláàsì lè ṣe ni kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ irú orin yìí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú o, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹ, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oríkì, kí wọ́n sì ṣàlàyé ẹni tí ohùn kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹni tó bá ṣe é tán kò ní sọ mọ́ pé ọ̀rọ̀ ni Yorùbá kò ní. Yóò ti rí i pé kí èèyàn tó lè sọ pé òun fẹ́ràn ẹnì kan ní Yorùbá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó jẹ́ sí òun.