Gbèsè Tó Wà Lẹ́yìn Ọ̀fẹ́

Àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ìdànrè rò pé òyìnbó nìkan ló ni ìtàn ọjọ́ iwájú. Ìwé Rosewater ta kò wọ́n. Tade Thompson, dókítà àrùn ọpọlọ, ló kọ ọ́. Ó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Ní Nàìjíríà ọdún 2066, ohun àjèjì kan ń wo aláìsàn sàn lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àmọ́ òkú náà ń jí, láìní làákàyè. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé lórí pọ́díkáàsì dùn, ṣùgbọ́n ìwé ni mo fi ń díwọ̀n rẹ̀. Àléébù rẹ̀: ìtàn náà ń fò síwá sẹ́yìn jù. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ wa, fi Yorùbá kọ ìtàn iwin. Ta ni yóò fi kọ ti ọ̀la?